Ìgbà tí Toheeb ń Gun Ògiri Yìnyín

Ọjọ́ Àìkú, 4 Jánúárì

Amatullah ọmọ mi ló ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní fóìsì nóòtì mẹ́jọ tí mo fi ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ Jímọ̀, ibi iṣẹ́ ni òun ti ṣí i ní Àkúrẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ló sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé kan, ẹ máa da gbogbo àníyàn yín sínú ẹ̀. Kì í rẹ ìwé." Kò burú. Ìwé tí mo fi ń kọ ọjà tó bá wọlé ní ṣọ́ọ̀bù ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Toheeb fi fídíò ránṣẹ́ láti Kánádà. Mo rò pé ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, níbi tó ti ń yá àwọn èèyàn ní bàtà àti pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí pátákó. Wọ́n gbẹ́ yìnyín bíi kòtò gígùn, ògiri lápá ọ̀tún, ògiri lápá òsì, ó wá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè lọ sísàlẹ̀. Ọmọ mi yọ̀ wọ inú rẹ̀, ó gun ògiri kan dé ìdajì, ó ṣubú, ó fi ìdí wọ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú kí yìnyín ọdún yìí tó yọ́ tán.

Mo ti wò ó nígbà mẹ́rìnlá. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lónìí. 

Ọjọ́ Ajé, 5 Jánúárì

Háàfù-páìpù ni wọ́n ń pe kòtò náà. Èmi tí mo ti ń ta páìpù ní Òdòdé Ìdànrè láti ọdún mọ́kàndínlógún!

Mo gé ẹsẹ̀ bàtà méjì lára páìpù onínṣì mẹ́fà, mo ní kí káfíńtà ẹ̀yìn ilé là á sí méjì gbọọrọ. Mo gbé ìlàjì kan sórí bẹ́ǹṣì, mo fi bíríkì gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo bọ́ sí ìta, mo ṣa hóró kòkó díẹ̀ lára èyí tí Màmá Ọ̀ṣúndé aládùúgbò mi sá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ju ọ̀kan sínú páìpù náà láti ẹ̀gbẹ́. Ó lọ, ó gun apá ìhín, ó gun apá ọ̀hún, ó gun apá ìhín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nínú fídíò. Ó dé ìsàlẹ̀ láyọ̀.

Mo ju ìkejì. Mo ju ìyẹn sí i pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ó fò jáde, mi ò mọ ibi tó bọ́ sí. Mo wá a títí.

Mi ò ju ìkẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Jánúárì

Mo bi Toheeb pé báwo ni ògiri yẹn ṣe ga tó. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọdún ẹ̀.

Páìpù odidi kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún. Mo gbé ọ̀kan nàró, mo fi ti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó kọjá páánù. Mo dúró, mo ń wo ṣóńṣó rẹ̀. Màmá Ọ̀ṣúndé tó ń fi ẹsẹ̀ ro kòkó rẹ̀ nínú oòrùn dúró, òun náà gbójú sókè.

"Ìyá Toheeb, ṣé ọ̀run lo fẹ́ fa omi lọ ni?"

"Màmá, ó ku ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i kó tó dé ibi tí Toheeb ń gùn."

"Ta ló ń lé e?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé e."

"Kí ló wá ń wá lórí ògiri?"

 Mo gbé páìpù náà sílẹ̀. Wọ́n tún ti fi owó lé onínṣì mẹ́fà ní Àkúrẹ́, wọ́n ní dọ́là ni. Gbogbo nǹkan tó ń dààmú mi, òkè òkun ló ti ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Jánúárì

Toheeb pè. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Màámi, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ìbẹ̀rù gan-an ló ń gbé èèyàn ṣubú níbẹ̀. Tí mo bá ti ń súnmọ́ etí ògiri lókè, ara mi á fẹ́ sá wá sáàárín kòtò. Tí mo bá sá wá sáàárín, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni màá já lé, ibẹ̀ ló ń dunni. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kí ògiri gbé mi lọ sókè tààrà, tí mi ò sá fún un, òun náà ló máa gbà mí nígbà tí mo bá ń bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"David. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa."

"Ṣé David ní ìyá?"

"Màámi!"

"Mo bi ọ́ ni."

"Ó ní ìyá, Màámi."

"Ṣé ìyá rẹ̀ mọ nǹkan tó ń ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìyá David pẹ̀lú ń yọ̀ lórí yìnyín, pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.  Ibi tí ìyá pẹ̀lú ti ń fò, ta ni yóò bá mi bá a wí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Jánúárì

Fídíò tuntun. Ó gun òsì, ó gun ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ògiri mẹ́fà, kò ṣubú lórí ẹyọ kan! Mo pariwo, púlọ́mbà tó ń yan tápù lọ́wọ́ mi ní, "Àlàájà, ẹ jẹ tẹ́tẹ́ ni?" Mo fi hàn án. Mo fi han Màmá Ọ̀ṣúndé. Màmá ní, "Ó mọ̀ ọ́n ṣá o. Bí ewúrẹ́ lórí òkúta."

Lẹ́yìn náà ni ara mi balẹ̀, tí ìbẹ̀rù sì tún dé. Kò yẹ kí n yọ̀. Bó bá mọ̀ pé inú mi dùn, yóò tún fẹ́ gòkè sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Fẹ́búárì

Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé àtijọ́ àwọn ọmọ mi kọjá lónìí, mo rí àwọn ọmọdé lórí àpáta tó wà níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Toheeb nígbà tó fi eyín iwájú sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, bàbá rẹ̀ ló nà án. Sàní ọkọ mi ò na ọmọ rí bẹ́ẹ̀, kò sì tún nà án bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tí Ọlọ́run fi pè é. Ó ń nà án, ó ń sọ pé, "Òkúta Ìdànrè ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni! Kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni!"

Mo rò pé ẹgba yẹn ti lé e kúrò lára rẹ̀. Kò lé e. Ó kàn lọ wá òkúta funfun ni.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Fẹ́búárì

Mo lọ fẹjọ́ sun Bàbá Àbdùlláhì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Mo ní bí ọmọ ò bá gbọ́ tèmi, yóò gbọ́ ti àgbà. Bàbá wọ fìlà, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Toheeb oní-fídíò. Wọ́n ki ohùn sọ́fun.

"Toheeb! Kí ni mo gbọ́ yìí?"

 Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fóònù mú, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí yìnyín. Kí ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín! Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé ó tutù tó firísà, ṣé wọ́n lè jẹ ẹ́, kí ó bá àwọn bu díẹ̀ kí àwọn rí i. Wọ́n lo ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, ọmọ yẹn ti dàgbà. Àdúà ló kù."

Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé àdúà ló kù. Mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúà, ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà lófìfo, wọn ò rí nǹkan mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

Toheeb sọ fún mi lánàá pé òní ni. Títí di ìsinsìnyí, kì í kúrò lára ògiri. Ó máa ń dé etí rẹ̀ ni, á yí padà. Òní ló fẹ́ kọjá etí ògiri, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín òun àti yìnyín, kó tó padà bọ́ sórí rẹ̀. Ó ní "díẹ̀ báyìí, Màámi," ó fi ìka méjì hàn mí. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún, pẹ̀lú ìka méjì.

Mi ò lè jókòó. Mo pè é lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò gbé e. Mo tún pè. Mo tún pè. Ó di ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé: "Màámi bátìrì ló kú. Mo wà dáadáa. Ẹ sùn."

Ọjọ́ Àìkú, 15 Fẹ́búárì

Kò sí fídíò.

Ọjọ́bọ̀, 19 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ooru náà sì ti dé, bí ẹni pé ó ń dúró de ààwẹ̀ ni.

Mo bi Àáfà Sìdí lẹ́yìn wàásí pé ṣé ẹni tó ń ju ara rẹ̀ lu yìnyín gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀.

"Ṣé onírìn-àjò ni?"

"Rárá, Àáfà. Ibẹ̀ ló ń gbé."

"Ṣé aláìsàn ni?"

"Ara rẹ̀ le."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Eré ló ń ṣe, Àáfà."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ìyá Toheeb, ẹ sọ fún un kó yé ṣeré."

Bí mo ṣe jíṣẹ́ fún Toheeb nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ìsàlẹ̀. Ó ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́, ohùn nìkan la ó máa gbọ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní òun sinmi lọ́sẹ̀ yìí. Òun tí kì í sinmi.

Ọjọ́ Ajé, 23 Fẹ́búárì

Amatullah wá láti Àkúrẹ́, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ iṣẹ́! Ó gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù wá fún ìṣínu. Ó fọ abọ́, ó gbá ilé, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi òróró pa ẹ̀yìn mi. Ọmọ tó jẹ́ pé kí ó tó pè mí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àfi kí n bínú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ń kọ́?"

Ó ní, "Ó wà, Màámi. Ó wà dáadáa. Ó wà pa. Ṣé kí n fi ata kún un?"

Ó wà pa. Ta ló bi í bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Jímọ̀, 27 Fẹ́búárì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó má baà di ìtàn tí wọ́n á máa fi kún.

Wọ́n ti kirun Àsùbáà, mo ti padà dùbúlẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Mo gbọ́ "Àsàlámù àlékúmù" lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá Àbdùlláhì ló dúró níwájú. Àáfà Sìdí wà lẹ́yìn wọn, àti ọkùnrin kan láti inú kọmítì mọ́sáláṣí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ọdún kẹjọ rèé tí Sàní kú lójú ọ̀nà Ọwẹ́nà. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló kú. Gbogbo Òdòdé ló mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi èmi. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Bàbá Àbdùlláhì wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì lẹ́yìn wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, jókòó ná."

Lónìí, wọ́n wọlé, wọ́n wo àga, wọ́n wo mí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, jókòó ná."

Mi ò jókòó. Mo ké. Mo já gèlè orí mi jù nù, mo ṣubú lulẹ̀, mo ń pe orúkọ ọmọ mi. Mo ní mo ti sọ fún un, mo ti sọ fún un, òkúta ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni! Màmá Ọ̀ṣúndé sáré wọlé, ìró lásán ló wà láyà rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, òun náà fọwọ́ lérí: "Yéè! Toheeb! Ọmọ tó fi eyín sílẹ̀ fún wa!" Àwọn ará ilé kejì dé, àwọn náà gbè é. Àáfà Sìdí ń wo ojú ẹni gbogbo.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá Toheeb, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni kí ẹ sọ ọ́! Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́!"

Wọn ò rí i sọ, nítorí a ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo rá dé ibi tí fóònù wà, mo pe Amatullah. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti lọ! Wọ́n ti wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi!"

Bí ọmọ náà ṣe figbe ta rèé: "Ta ló sọ fún yín? Màámi, ta ló sọ fún yín? Kò kú! Èjìká ni! Egungun èjìká ló kán, ọ̀sẹ̀ méjì rèé, wọ́n ti tò ó, ó ti ń jẹun!"

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Gbogbo ilé dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá ti tápù.

Bàbá Àbdùlláhì ní, "Èjìká ta ni?"

Mo bi wọ́n láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ pé kí ni wọ́n bá wá gan-an. Wọ́n wo Àáfà. Àáfà wo ilẹ̀. Ọkùnrin kọmítì ló wá sọ ọ́. Páìpù omi àlùwàlá mọ́sáláṣí ti bẹ́ láti àná, Jímọ̀ sì ni òní, wọ́n ní kí àwọn tètè bá mi kí n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bóyá mo lè fi Ọlọ́run ṣe é, kí n bá àwọn wá páìpù àti tápù díẹ̀.

Màmá Ọ̀ṣúndé so ìró rẹ̀ le. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà mẹ́ta, nítorí tápù!"

Mo fún wọn ní páìpù mẹ́ta, tápù mẹ́fà, gọ́ọ̀mù kan. Mi ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ṣàdúà títí. Kì í ṣe pé inú rere ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè lọ ni, kí n lè sunkún ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Kámẹ́rà ti yá. Mo rí i. Wọ́n fi aṣọ dúdú gbé apá òsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ti rù. Ó ní nígbà tí òun kọjá etí ògiri, ara òun sá wá sáàárín, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni òun já lé, gẹ́gẹ́ bí David ṣe sọ.

"Ta ló ní kí wọ́n má sọ fún mi?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ má bínú sí Amatullah."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ má baà dààmú."

Mo ní, "Toheeb, gbọ́ mi. Nígbà tí mi ò mọ̀, ojoojúmọ́ lo ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá mọ̀, o kán léjìká lẹ́ẹ̀kan. Èwo ló pọ̀ jù?"

  Ó sọ pé láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ṣe òun, ẹnu òun ni n ó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu àgbà, kì í ṣe ẹnu àbúrò. Mo ní kó búra. Ó ní ààwẹ̀ la wà, òun ò búra, ṣùgbọ́n òun sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì

Ó mẹ́nu bà á nínú ọ̀rọ̀ lánàá pé nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun ṣubú. Mẹ́fà kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbí nìyẹn.

Mo ṣí fóònù mi, mo wo àwọn ìpè ọjọ́ náà. Mẹ́fà kọjá mẹ́tàlá. Mẹ́fà kọjá mẹ́rìnlá. Mẹ́fà kọjá mẹ́rìndínlógún.

Àpò àyà ni ó máa ń fi fóònù sí, ìpè mi á ti máa gbọ̀n ọ́n láyà.

Mi ò bi í. Òun náà kò sọ. Mo ṣínu pẹ̀lú omi lásán lónìí, oúnjẹ kò wọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Máàṣì

Ìtúnu ààwẹ̀. Mo pa adìyẹ méjì. Toheeb jókòó sínú fóònù lórí tábìlì, ó ń wo bí a ṣe ń jẹun, òun náà ń jẹ ìrẹsì tirẹ̀. Èjìká òsì ló kán, Alhamdulilahi, ó ṣì ń rí ọ̀tún fi jẹun.

Bàbá Àbdùlláhì wá kí wa. Láti ọjọ́ tápù, wọn kì í wọlé mi mọ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ kígbe láti títì: "Ire ni o! Ìyàwó wa, ire ni mo bá wá!" Gbogbo àdúgbò ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn lónìí pé bí nǹkan kan bá tiẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má wá. Kí wọ́n pè mí lórí fóònù.

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa."

"Ẹ wá lọ́sàn-án, nígbà náà."

Wọ́n ronú sí i. "Ọ̀sán kọ́ ni a máa ń wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Épírì

Toheeb fẹ́ padà sórí ògiri.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù, èmi ìyá rẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan ń ta. Mo ní, "Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

"Màámi, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n máa ti kòtò náà pa. Tí mi ò bá padà wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tì í, ibi tí mo ti ṣubú ni mo máa dúró sí títí di ọdún tó ń bọ̀."

"Dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ dára."

"Kò dára, Màámi. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú, mo máa ń sá wá sáàárín."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, èmi náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn ní ìdájí, ilẹ̀ ni ara mi ń sá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ èyí fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Épírì

Òjò àkọ́kọ́ tó nípọn. Ó ṣí páánù méjì lórí ilé Màmá Ọ̀ṣúndé. Mi ò rí nǹkan kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Épírì

Dókítà ti ní egungun náà ti so pọ̀. Toheeb ti yọ̀ fún ọjọ́ méjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ti wọ kòtò, ó ti gun ògiri, kò tíì kọjá etí rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀, bó ṣe sọ pé òun yóò ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kó má sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí n tó sọ̀kalẹ̀, ẹ pè mí. Màá gbé e, màá fi sápò. Ẹ má gé e. Ẹ máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí n ó fi dé ìsàlẹ̀."

Mo ní ó dáa.

 Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá já, Màámi, ẹ má tún pè."

Mo ní ó dáa.

A ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ìpè mi ló bá òun lórí ògiri, ó sì gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Épírì

Òjò ti ṣú láti alásàrì. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọ inú sítọ́ọ̀, mo jókòó sáàárín àwọn páìpù, níbi tí ariwo títì kì í dé. Mẹ́fà kọjá ogójì, mo pè é. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màámi."

"Toheeb."

"Ògiri márùn-ún ni. Ẹ máa kà á. Mo ń fi yín sápò."

Aṣọ rẹ̀ ń dún gìrì-gìrì létí mi. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ òyìnbó lókèèrè, David ni mo rò. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ìró pátákó lórí yìnyín, ṣààà, bí ìgbà tí Màmá Ọ̀ṣúndé bá ń fi ẹsẹ̀ ro kòkó gbígbẹ lórí kankéré. Ó ń sáré sí i. Lójijì, kò sí ìró kankan mọ́.

Mi ò ti ronú kan ìyẹn. Mo rò pé ìró ni n ó máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nígbà tó bá wà lókè, nǹkan kan kì í dún.

Ṣààà. Ó ti padà. Ọ̀kan.

Ó dákẹ́. Ṣààà. Èjì.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páánù. Mo fi gèlè bo orí àti fóònù pọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ó dákẹ́. Ṣààà. Ẹ̀ta. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n bí ewúrẹ́ lórí òkúta.

Ó dákẹ́.

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta, mo ka ẹ̀rin. Mo wo ojú fóònù. Aago ìpè ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ tí òjò bá ń rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi wà lókè, tàbí ó wà nílẹ̀, tàbí ó ti dé ìsàlẹ̀ láyọ̀ tó ń pè mí tí mi ò gbọ́. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì pípè. Mo rí i níbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

Mo ṣí ohùn fóònù sókè, mo gbé e kalẹ̀ sínú ìlàjì páìpù tí mo là ní Jánúárì. Mo fi ìdí tẹ ọwọ́ mi méjèèjì mọ́lẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ìyá lè ṣe ní Òdòdé ní àkókò yẹn ju kó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Ṣààà.

Mi ò ka ìyẹn. Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rin ni tàbí àrún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun Òkè Ìdànrè.

"Màámi! Màámi, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́?"

Mo fẹ́ purọ́ fún un pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Mo gbọ́ ibi tí o ò ti sí nílẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò. Ó mí sínú, ó mí síta. Ó ní, "Mi ò sá wá sáàárín, Màámi."

"O ṣeun."

"Ẹ má gé e o. Ọ̀la ni wọ́n ń tì í pa, mo tún ń gòkè lọ."

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín, ó ń gun òkè. Wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gàríbì nínú òjò, omi á ti máa já nínú àwọn tápù tí mo fún mọ́sáláṣí. Mi ò tíì ṣe àlùwàlá. Mi ò gé e.